Ṣé O Mọ̀? Àwọn Ọmọ Ogun Tó Yí Jẹjẹrẹ Àpò Ìtọ̀ Ká

Ṣé o mọ̀ pé kòkòrò inú abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ọ lápá òsì nígbà tí wọ́n bí ọ, èyí tó fi àpá róbótó sílẹ̀ títí dòní, ni àwọn dókítà ń dà sínú àpò ìtọ̀ láti fi gbógun ti jẹjẹrẹ? BCG ni, abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọmọ tuntun tí ìyá rẹ̀ gbé lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin yóò gba tirẹ̀ lápá. Àgbàlagbà tó ní jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ń gba tirẹ̀ nípasẹ̀ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tì bọ ojú ọ̀nà ìtọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé BCG fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń parí iṣẹ́ náà? Ó máa ń lẹ̀ mọ́ awọ inú àpò ìtọ̀ nípasẹ̀ purotéènì kan tó ń jẹ́ fibronectin, á wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ara á sì ké ìbòsí. Láàárín wákàtí díẹ̀, neutrophil, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ogun ara, á ti ya dé. Macrophage á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà sẹ́ẹ̀lì T àti sẹ́ẹ̀lì NK, tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ láti pa sẹ́ẹ̀lì èyíkéyìí tó bá ti yíwọ́. Àwọn ọmọ ogun ara aláìsàn ló ń pa jẹjẹrẹ náà. BCG kàn jí wọn ni. Ohun tí mo fẹ́ kí o mú dání nìyẹn: ohun tó yí kókó jẹjẹrẹ ká ṣe pàtàkì bíi kókó náà fúnra rẹ̀.

Ṣé o mọ iye èèyàn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn? Ní ọdún 2022, nǹkan bí 614,000 èèyàn ni àyẹ̀wò fi hàn káàkiri àgbáyé pé wọ́n ní jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Ó pa nǹkan bí 220,000 ní ọdún kan náà. Nínú èèyàn mẹ́rin tó ń ní in, mẹ́ta ló jẹ́ ọkùnrin.

Ǹjẹ́ o ti ro ọjọ́ orí àwọn tó ń gbé Festac ní Èkó wò? Àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977 ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ìlú náà. Nígbà tí àlejò lọ tán, ìjọba pín àwọn ilé náà fún aráàlú. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 25 nígbà tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún náà ti lé ní 70 báyìí. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ọdún 73 ni ọjọ́ orí tí àyẹ̀wò sábà máa ń tú jẹjẹrẹ yìí fó. Àwọn bàbá àti ìyá wa tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ṣì ń gbé inú fúláàtì tí wọ́n ti tọ́ ọmọ dàgbà, àwọn gan-an ni mo ń kọ èyí fún, àti fún ẹ̀yin ọmọ wọn.

Ṣé o mọ̀ pé awọ inú àpò ìtọ̀ kì í jẹ́ kí ìtọ̀ jò padà sínú ẹ̀jẹ̀? Sẹ́ẹ̀lì tó wà lókè pátápátá nínú rẹ̀ gbòòrò, wọ́n sì fara kọ́ra pinpin, débi pé májèlé tí kíndìnrín ti sẹ́ jáde kò lè padà. Lábẹ́ awọ yìí ni ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí àwọn macrophage àti ọmọ ogun ara mìíràn fi ṣe ibùgbé, kódà nígbà tí àìsàn kankan kò sí. Abẹ́ ìyẹn ni iṣan tó ń fún ìtọ̀ jáde wà. Ibi tí jẹjẹrẹ náà bá rìn dé nínú ìpele wọ̀nyí ló ń sọ irú ìtọ́jú tí aláìsàn máa gbà. Bí kò bá tíì kan iṣan, BCG lè ràn án lọ́wọ́. Bó bá ti kan iṣan, ọ̀rọ̀ á yí padà: iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń yọ àpò ìtọ̀ kúrò, tàbí ìtànṣán pẹ̀lú oògùn. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń rí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kí ó tó kan iṣan.

Gbọ́ èyí wàyí. Ṣé o mọ̀ pé ohun ìjà ara fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń bí jẹjẹrẹ yìí? A ní purotéènì kan nínú sẹ́ẹ̀lì wa tí wọ́n ń pè ní APOBEC. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti da ìkọ̀wé inú fáírọ́ọ̀sì rú kí fáírọ́ọ̀sì má lè bímọ. Nínú àpò ìtọ̀, ó máa ń ṣèèṣì da DNA tiwa náà rú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ka DNA kókó jẹjẹrẹ 412 tí ó ti wọ iṣan, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2017, wọ́n rí i pé APOBEC ló fa ohun tó lé ní ìdajì àwọn àṣìṣe tó wà níbẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló ń gbé.

Ṣùgbọ́n àǹfààní kan wà nínú ìyẹn. Bí àṣìṣe bá ṣe pọ̀ tó nínú DNA, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ á ṣe máa gbé purotéènì àjèjì hàn lára tó, bẹ́ẹ̀ náà sì ni sẹ́ẹ̀lì T á ṣe tètè dá a mọ̀ pé ọ̀tá ni. Jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ wà lára àwọn tí àṣìṣe inú DNA wọn pọ̀ jù lọ. Ìdí kan rèé tí oògùn tó ń jí ọmọ ogun ara fi ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ju bó ṣe ń ṣe lórí ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ mìíràn lọ.

Ṣé o mọ̀ pé kókó jẹjẹrẹ méjì lè jọra, kí ohun tó yí wọn ká má jọra rárá? Oríṣi mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ máa ń kà. Nínú ti àkọ́kọ́, sẹ́ẹ̀lì T ti wọ àárín kókó náà, ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ti ìkẹta, kò sí ọmọ ogun kankan nítòsí. Ara kò tilẹ̀ fura. Èyí tó wà láàárín ló ń dùn mí jù: àwọn ọmọ ogun dé, wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò rí ọ̀nà wọlé. Ẹni tó bá ti pẹ́ lóde rí ní Festac, tó dé ẹnu close tirẹ̀ lóru tó bá géètì ní títì pa, tó ń wo iná yàrá ara rẹ̀ lókèèrè, yóò mọ bó ṣe rí.

Ta ló ti géètì náà? Ní ọdún 2018, Sanjeev Mariathasan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature, lórí àwọn aláìsàn tí jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ wọn ti tàn kálẹ̀ tí wọ́n sì gba atezolizumab, ọ̀kan lára àwọn oògùn tó ń jí ọmọ ogun ara. Lára àwọn tí oògùn náà kò ràn lọ́wọ́, wọ́n rí àmì ohun kan tó ń jẹ́ TGF-beta, tó ń ṣiṣẹ́ lára fibroblast, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó máa ń ṣe àpá nígbà tí egbò bá ń jinná. Àwọn fibroblast yìí yí kókó náà ká, sẹ́ẹ̀lì T sì há mọ́ àárín wọn. Nígbà tí wọ́n dí TGF-beta lọ́wọ́ nínú ara eku, tí wọ́n sì fún eku náà ní oògùn tó ń jí ọmọ ogun ara pẹ̀lú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì T wọlé, kókó náà sì súnkì.

Ṣé o mọ̀ pé jẹjẹrẹ lè yí ọmọ ogun ara lọ́kàn padà? Macrophage tó yẹ kó máa jẹ ọ̀tá run lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún kókó náà: á máa bá a fa iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun, á máa pàrọwà fún sẹ́ẹ̀lì T pé kí ó fọwọ́ wọ́nú. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì T kan tún wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pípẹ̀tù sí ìjà, kí ara má baà máa bá ara rẹ̀ jà. A nílò rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá pọ̀ jù nítòsí kókó jẹjẹrẹ, ọ̀tá ló ń gbèjà.

Ìyẹn nìkan kọ́. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lè gbé purotéènì kan jáde sára tó ń jẹ́ PD-L1. Bí ó bá ti kan PD-1 lára sẹ́ẹ̀lì T, sẹ́ẹ̀lì T á dẹwọ́. Ilé ìwádìí Tasuku Honjo ní Kyoto ló kọ́kọ́ rí PD-1 ní ọdún 1992. Òun àti James Allison ti Amẹ́ríkà ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2018 fún ọ̀nà tí wọ́n là láti tú ọmọ ogun ara sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí oògùn tó ń dí PD-L1 fún? Oṣù karùn-ún ọdún 2016 ni, ní Amẹ́ríkà, atezolizumab sì ni orúkọ rẹ̀. Inú ayé dùn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nígbà tí àwọn ìwádìí ńlá kò fi hàn pé ó fa ẹ̀mí gùn tó bí wọ́n ṣe rò, àwọn tó ń ṣe é yọ ọ́ kúrò fún jẹjẹrẹ yìí ní Amẹ́ríkà. Mo ka ìyẹn sí ìwà ọmọlúàbí nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì: oògùn tí kò bá yege, kí wọ́n sọ ọ́. Pembrolizumab, tó ń dí PD-1 ní tirẹ̀, dúró. Ní ọdún 2023, wọ́n fi hàn pé àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ti tàn kálẹ̀, tí wọ́n gba pembrolizumab pọ̀ mọ́ enfortumab vedotin, sábà máa ń lo oṣù 31.5, nígbà tí àwọn tó gba oògùn àtijọ́ ń lo oṣù 16.1. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Ìbànújẹ́ ibẹ̀ ni pé owó rẹ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà.

Ṣé o mọ̀ pé ìtọ̀ aláìsàn lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyìíká kókó náà? Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ní University College London fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì T tí wọ́n rí nínú ìtọ̀ jọ àwọn tó wà nínú kókó jẹjẹrẹ náà gan-an. Nínú ife ìtọ̀ lásán!

Èyí ńkọ́? Bí ọkùnrin bá ti ń dàgbà, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan lára rẹ̀ máa ń sọ kúrómósómù Y wọn nù. Ìwádìí tí Dan Theodorescu àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé kókó jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ tó ti sọ Y nù máa ń mú kó rẹ sẹ́ẹ̀lì T tó yí i ká, ó sì máa ń le ju èyí tó ní Y lọ. Ṣùgbọ́n oògùn tó ń dí PD-1 ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ju bó ṣe ń ṣe lórí èkejì lọ. Ó ṣeé ṣe kí ibi tí àlàyé wà rèé, ó kéré tán ní apá kan, lórí ìdí tí jẹjẹrẹ yìí fi ń yọ àwọn ọkùnrin lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí BCG, torí ìtàn rẹ̀ dùn, ó sì gùn. Ṣé o mọ̀ pé ọdún 13 ni Albert Calmette àti Camille Guérin fi ń gbin kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù ní Lille, ní ilẹ̀ Faransé? Láti ọdún 1908 sí 1921 ni. Orí pòtétò tí wọ́n fi òróòro màlúù sè ni wọ́n ń gbìn ín sí. Wọ́n gbé e láti orí ọ̀kan dé orí òmíràn nígbà 230, ogun àgbáyé kìíní dé bá wọn lẹ́nu rẹ̀, àwọn Jámánì gba ìlú náà, wọn ò sì dáwọ́ dúró. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, kòkòrò náà ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n kò lágbára láti ṣe ènìyàn ní jàǹbá mọ́. Ọmọ tuntun kan ní Paris, tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti pa ìyá rẹ̀, ló kọ́kọ́ gbà á ní ọdún 1921. Ẹnu ni wọ́n gbà fún un, kì í ṣe abẹ́rẹ́.

Ṣé o mọ̀ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ jẹjẹrẹ? Láti ọdún 1891 ni William Coley, oníṣẹ́ abẹ ní New York, ti ń gún àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ní kòkòrò àrùn, torí ó ṣàkíyèsí pé ibà líle máa ń mú kókó àwọn kan súnkì. Ní ọdún 1929, Raymond Pearl kọ̀wé pé òun kò fi bẹ́ẹ̀ rí jẹjẹrẹ lára òkú àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Àwọn mìíràn rí àbùkù nínú ìṣirò rẹ̀ lẹ́yìn náà, àmọ́ èrò náà kò kú. Lloyd Old dán BCG wò lára eku tó ní jẹjẹrẹ ní ọdún 1959. Nígbà tó di ọdún 1976, Alvaro Morales, dókítà ní Kingston ní Kánádà, kọ̀wé nípa aláìsàn mẹ́sàn-án tó da BCG sínú àpò ìtọ̀ wọn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Ìdí rẹ̀ á yà ọ́ lẹ́nu: ìgò mẹ́fà ló wà nínú páálí tí wọ́n fi ń kó o wá. Gbogbo ayé ń tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà títí dòní, pẹ̀lú àfikún tí wọ́n ń fún aláìsàn lóòrèkóòrè, títí di ọdún mẹ́ta fún àwọn kan. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 1990.

Ṣé o mọ̀ pé BCG tó wà ní ilé ìwòsàn ọmọdé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí? Ti ọmọ jòjòló kéré jọjọ. Èyí tí wọ́n ń dà sínú àpò ìtọ̀ tó ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún rẹ̀ nígbà mìíràn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ bẹ nọ́ọ̀sì àdúgbò pé kó bá òun gún abẹ́rẹ́ ọmọ.

Aláìsàn á gbà á, á pa á mọ́ra fún bíi wákàtí méjì kó tó tọ̀. Fún wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, nígbàkígbà tó bá tọ̀, wọ́n á ní kó da hypo sínú ṣalángá omi, kó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó fà á, torí kòkòrò tó ṣì wà láàyè ni. Ibà díẹ̀, ìtọ̀ tó ń ta, ara tó ń wúwo: àwọn ọmọ ogun ara ló ń ṣiṣẹ́. Ibà tó le tí kò lọ ní tirẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó gbéni lọ kíákíá.

Ṣé o mọ̀ pé oògùn tí ọ̀pọ̀ wa ń rà ní kẹ́mísì láìgba ìwé dókítà lè pa BCG kó tó ṣiṣẹ́? Ciprofloxacin ni, sípírò tí a mọ̀, àti àwọn ìbátan rẹ̀. Aláìsàn tó ń gba BCG gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó mu irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Àìtó BCG tún ń da ayé láàmú. Ní ọdún 2012, omi ya wọ ilé iṣẹ́ Sanofi tó ń ṣe é ní Toronto. Nígbà tó di ọdún 2017, ilé iṣẹ́ náà dáwọ́ tirẹ̀ dúró pátápátá. Ilé iṣẹ́ Merck nìkan ló kù tó ń ṣe é fún Amẹ́ríkà, àwọn dókítà sì ń pín ìgò kan fún aláìsàn méjì mẹ́ta. Bí Amẹ́ríkà bá ń ṣún un lò, fojú inú wo ìpín tiwa.

Ṣé o mọ̀ pé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ lórí BCG? Ní Guinea-Bissau, ètò ìwádìí Bandim tí Peter Aaby dá sílẹ̀ ní ọdún 1978 rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìwúwo tó, tí wọ́n tètè gba BCG, kì í fi bẹ́ẹ̀ kú ní oṣù àkọ́kọ́ wọn. Kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ nìkan ló gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àrùn mìíràn náà ni. BCG máa ń kọ́ macrophage àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti wà lójúfò. Ohun kan náà ni ó ń ṣe nínú àpò ìtọ̀.

Wàyí o, ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà tí jẹjẹrẹ yìí ń gbà wọlé ní ilẹ̀ wa, tí kì í ṣe ti àwọn òyìnbó? Inú odò ló ti ń wá. Àtọ̀sí ajá ni a mọ̀ ọ́n sí, àrùn tó ń mú ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀. Aràn tó ń fà á, Schistosoma haematobium, Theodor Bilharz ló rí i ní Cairo ní ọdún 1851. Inú ìgbín odò kékeré ló ti ń dàgbà. Tó bá jáde sínú omi, awọ ara ẹni tó ń wẹ̀ tàbí tó ń fọṣọ ló ń gún wọlé. Akọ àti abo á wá jókòó sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká, fún ọ̀pọ̀ ọdún, abo á sì máa yé ẹyin lójoojúmọ́.

Báwo ló ṣe ń gbé ọdún wọ̀nyẹn láìjẹ́ pé ara pa á? Ó máa ń gba purotéènì ara wa, á fi bora, ọmọ ogun ara á sì rò pé ara ilé ni. Ẹyin rẹ̀ kò rí irú ààbò bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá há sínú ògiri àpò ìtọ̀, eosinophil, macrophage àti sẹ́ẹ̀lì T á ṣùrù bò ó, wọ́n á mọ odi yí i ká. Ọdún ń gorí ọdún, egbò ń jinná, egbò tún ń ṣí. Awọ inú àpò ìtọ̀ á yí ìrísí padà, á le. Láti ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní squamous ti ń yọ. A. R. Ferguson ti kọ̀wé nípa ìbátan àrùn méjèèjì ní Cairo ní ọdún 1911, ṣùgbọ́n ọdún 1994 ni IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí jẹjẹrẹ, tó kéde aràn náà gẹ́gẹ́ bí ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ.

Kódà ẹyin aràn yìí ní ohun kan tó wúlò nínú. Purotéènì rẹ̀ kan, IPSE, máa ń tan ara láti tú ohun tó ń pẹ̀tù sí ìgbóná ara. Ní ọdún 2018, Evaristus Mbanefo àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lára eku pé ó lè dín ìrora àti ẹ̀jẹ̀ kù nínú àpò ìtọ̀ tí oògùn jẹjẹrẹ ti bó.

Ṣé o mọ̀ pé àtọ̀sí ajá kò jìnnà sí Èkó? Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ìsédò Ọyán ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ọdún 1983, láti pèsè omi fún Abẹ́òkúta àti Èkó. Omi tó dúró jẹ́ẹ́ gba ìgbín odò láyè. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Obáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Ofoezie wà lára wọn, lọ sí àwọn abúlé tí wọ́n kó àwọn èèyàn lọ létí omi náà, wọ́n sì rí i pé àtọ̀sí ajá ti gbilẹ̀ láàárín ọmọdé àti àgbà. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti tọ́jú kì í gbé aràn náà dé Festac, ẹ má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé Festac, ilé ìwé abúlé ni ọ̀pọ̀ wa ti ka ìwé, odò abúlé la ti wẹ̀. Bí o bá ti tọ ẹ̀jẹ̀ rí lọ́mọdé, sọ ọ́ fún dókítà rẹ, kódà bí ó ti pé 50 ọdún sẹ́yìn.

Ní ilé ìwòsàn Kano àti Sokoto, squamous yìí ni wọ́n ti ń rí jù. BCG kì í ṣiṣẹ́ fún un. Praziquantel, oògùn aràn náà, ló ń dènà rẹ̀ látìpilẹ̀: mílígíráàmù 40 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí èèyàn wọ̀n, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ Merck ti Jámánì, tí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà tí mo dárúkọ lókè, ti ń fi tọrẹ nípasẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé láti ọdún 2007, fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Íjíbítì tó gbógun ti aràn náà rí i tí squamous dín kù. Ohun tí wọ́n ṣe, àwa náà lè ṣe é.

Ṣé o mọ̀ pé sìgá ló ń fa nǹkan bí ìdajì jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n? Ẹ̀dọ̀fóró ló ń fà á, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e, kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ, àpò ìtọ̀ sì ni májèlé rẹ̀ ń sùn sí di òwúrọ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ náà ńkọ́? Ní ọdún 1895, Ludwig Rehn rí kókó àpò ìtọ̀ lára àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe aró pupa ní Frankfurt. Lónìí, IARC ka iṣẹ́ kíkun ilé àti iṣẹ́ ṣíṣe rọ́bà mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Iṣẹ́ onídìrí àti onígbàjámọ̀ wà ní ipò tó tẹ̀lé e, torí aró irun. Èéfín díísù ti wà lára àwọn tó dájú láti ọdún 2012, nítorí ẹ̀dọ̀fóró ju àpò ìtọ̀ lọ. Ẹni tó ń ṣòwò lójú ọ̀nà Mile 2, níbi tí tírélà èbúté ti ń tò, á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀yin afọ̀dàkunlé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi nǹkan bo imú, ẹ má fi kẹ́míkà fọwọ́. Ẹ máa mu omi dáadáa kí ẹ sì máa tọ̀ lásìkò.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn obìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀ lára wọn, máa ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé jẹjẹrẹ yìí ló ń mú wọn tọ ẹ̀jẹ̀? Wọ́n á ní toilet infection ni. Wọ́n á fún wọn ní sípírò, ẹ̀jẹ̀ á dá, á tún padà. Oṣù á kọjá. Àwọn ọkùnrin tiwa, àgbo àtọ̀sí ni wọ́n ń lọ rà ní Agboju. Mo bọ̀wọ̀ fún alágbo, ṣùgbọ́n àgbo kò ní ojú tó fi lè wo inú àpò ìtọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ kì í sábà dun èèyàn. Ó lè wá lẹ́ẹ̀kan, kó sì ṣe bí ẹni pé ó ti lọ fún oṣù mẹ́ta. Àkókò tó fi lọ yẹn ni jẹjẹrẹ fi ń rìn lọ sí iṣan, kúrò níbi tí BCG àti ọmọ ogun ara ti lè kápá rẹ̀.

Nítorí náà, bàbá mi, ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi: bí ìtọ̀ yín bá pọ́n, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kódà láìsí ìrora, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín lọ́sẹ̀ yẹn. Bí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ tí kò sì sí kòkòrò àrùn tó fà á, ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé fún yín lọ sọ́dọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa àpò ìtọ̀ ní LUTH, Ìdí-Àràbà, tàbí LASUTH, Ìkẹjà, kí wọ́n fi ẹ̀rọ oníná wo inú rẹ̀. Ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH náà ti wà ní Ìdí-Àràbà láti ọdún 2019. Ẹ mú ọmọ yín kan dání. Ẹ sọ ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe rí, sìgá tí ẹ ti mu rí, àti odò tí ẹ ti wẹ̀ rí.